Ọkọ̀ Tó Ń Sọ fún Ọ Pé Iná Ti Lọ

Ilé Bàbá Rẹ,
Aké, Abẹ́òkúta.

Àkànní ọkọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú àjò, mo sì kí ọ kú ooru Yólà, tí o ní ó ju ti ibí lọ. Èmi ò rò pé ó ju ti ibí lọ. Òkúta ló yí wa ká. Bí oòrùn bá wọ̀ tán, òkúta á bẹ̀rẹ̀ sí í dá ooru tó jẹ lọ́sàn-án padà fún wa. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá rìnrìn àjò gbọ́dọ̀ ní ohun kan tí yóò fi yangàn fún ará ilé, nítorí náà mo gbà fún ọ.

O bi mí ní ìbéèrè lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀. O ní ìsopọ̀ tó wà láàrin ọkọ̀ oníná rẹ àti fóònù rẹ, èyí tí ẹni tó ta ọkọ̀ náà fún ọ fi ṣe ẹ̀bùn ní sáà àkọ́kọ́, ọ̀fẹ́ rẹ̀ ti fẹ́ parí, wọ́n sì ní kí o máa sanwó rẹ̀ lọ́dọọdún. O ní, "Màámi, ẹ̀yin lẹ̀ ń wà á. Ṣé ó tó ohun téèyàn ń sanwó fún?" Mo ní jẹ́ kí n rò ó. O ní, "Kò burú. Iná á dé, Màámi," o sì pa fóònù.

Mo ti rò ó. Mo kọ ọ́ sínú ìwé nítorí pé lórí fóònù, ọ̀rọ̀ iná nìkan ni èmi àtìwọ máa ń sọ. Láti ìgbà tí iṣẹ́ kànga gbígbẹ́ ti gbé ọ lọ sí Yólà, tí o fi ọkọ̀ sílẹ̀ fún mi nítorí pé kò síbi tí bátìrì rẹ̀ yóò ti jẹ iná lójú ọ̀nà títí débẹ̀, ẹni tó bá ń gbọ́ wa á rò pé àwọn oníná ló gba àwa méjèèjì síṣẹ́.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, mọ̀ pé adájọ́ tí o yàn yìí ò dúró ṣánṣán. Ìsopọ̀ yẹn ni mo fi ń gbóhùn rẹ. Bí mo bá ní kí o má san án, ó lè jẹ́ pé mo ti fọwọ́ ara mi pa fóònù mi lẹ́nu mọ́ nìyẹn. Nígbà tí mò ń kọ́ ìṣirò owó ní polí, wọ́n kọ́ wa pé ẹni tó bá ní ìpín nínú ọ̀rọ̀ kan gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ ìpín rẹ̀ kó tó dá ẹlòmíràn nímọ̀ràn lórí rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó kù lórí mi nínú gbogbo ẹ̀kọ́ náà nìyẹn, n kò sì tíì bá ẹni tó ń ṣe é pàdé. Jẹ́ kí n jẹ́ ẹni àkọ́kọ́.

Àkọ́kọ́, ẹ̀rọ atẹ́gùn tútù. O lè wà ní Yólà kí o tẹ fóònù, kí ọkọ̀ tó wà ní Aké bẹ̀rẹ̀ sí í tutù kí n tó wọ inú rẹ̀. O ṣe é fún mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan láìsọ tẹ́lẹ̀. Inú ilé ni mo wà. Bàbá Wàsíù, tí o mọ̀ pé kì í kúrò lórí bẹ́ǹṣì rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wa àfi fún ìrun àti oúnjẹ, ló fariwo ta.

"Ìyàwó! Ìyàwó o! Ọkọ̀ rẹ ń mí!"

Mo ní, "Bàbá, ẹ fi í sílẹ̀, ó ti rẹ̀ ẹ́ ni."

"Kò sẹ́nìkan nínú ẹ̀, mo ní ó ń mí! Ta ló tan án?"

"Àkànní ni."

"Àkànní tó wà lókè Ọya?"

"Òun náà ni."

Bàbá wo ọkọ̀, ó wò mí. "Ó wà lókè Ọya, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí ọ lára. Ṣé kò lè wá fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ọ ni?"

Mo ní iṣẹ́ ni kò jẹ́. Àkànní, n kò ní ibì kan tí mo fẹ́ lọ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n mo wọ bàtà, mo jáde, mo sì lọ jókòó sínú ọkọ̀, nítorí kò dáa kí ọmọ ẹni máa fẹ́ atẹ́gùn sí àga òfìfo. Ó tutù dáadáa. Mo wà níbẹ̀ títí o fi pa á, mo sì padà wọlé. Ìmọ̀ràn mi lórí ìyẹn ni pé kí o má san kọ́bọ̀. Ọkọ̀ ní fèrèsé, fèrèsé kì í sì í jẹ bátìrì.

Èkejì, ilẹ̀kùn. Wọ́n ní o lè tì í, o sì lè ṣí i láti ibikíbi. Ìwọ náà rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Alábàtà. Mo kó búta àti garawa tí mò ń tà lọ fún obìnrin tó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Mo já ẹrù tán, ilẹ̀kùn pa dé, ó ti ara rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ sì wà nínú. Mo pè ọ́.

"Màámi, ẹ má yọra yín lẹ́nu. Mo ti ń ṣí i báyìí."

Mo dúró. Ọkọ̀ náà dúró.

"Ó ti ṣí?"

"Kò ṣí."

"Fóònù mi ní òun ṣì ń wá ọkọ̀ náà."

"Iwájú mi ló wà. Kí fóònù rẹ bi mí."

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti pé lé mi lórí. Nẹ́tíwọ̀kì tèmi ń gbọ́, ṣùgbọ́n èyí tí ọkọ̀ ń lò kò dé àdúgbò náà. Ọmọkùnrin kan tó ní irùngbọ̀n tí kò tíì pinnu ohun tó fẹ́ jẹ́ sọ fún mi pé, "Mummy, nẹ́tíwọ̀kì ẹ̀ wà lórí òkè lọ́hùn-ún. Ẹ wà á débẹ̀, á ṣí."

"Ọkọ̀ tó ti mí mọ́ta ni kí n wà?"

"Àbí ká bá yín tì í, ma?"

"Bíréékì náà wà nínú, òun àti kọ́kọ́rọ́ jọ wà níbẹ̀."

Ọmọ náà ní, "Ah. Ó ti le," ó sì bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Ó dùn mọ́ mi. Ó ṣọ̀wọ́n kí ọ̀mọ̀wé gbà pé nǹkan le.

Ìgbẹ̀yìn rẹ̀ ni pé mo gun ọ̀kadà délé, mo mú kọ́kọ́rọ́ kejì lórí ìṣó nínú pálọ̀, mo gun ọ̀kadà padà. A kì í sanwó ìṣó lọ́dọọdún. Nítorí náà, má san ti ilẹ̀kùn. Àmọ́ mo ní láti sọ òdodo: nígbà tí mò ń dúró lójú oòrùn yẹn, o dúró tì mí lórí fóònù, o sì sọ fún mi pé o ti ń jẹ túwó báyìí, pé obìnrin tó ń ta á ń pè ọ́ ní "Ẹ̀gbá". Bí ilẹ̀kùn yẹn bá ti ṣí kíá, n kì bá tí mọ̀ pé ẹnì kan ń pè ọ́ ní nǹkan kan níbẹ̀. Mo ti ń bẹ̀rù pé wọn ò pè ọ́ ní nǹkan kan.

Lẹ́yìn ìyẹn ni àwòrán ọ̀nà, tó ń fi ibi tí ọkọ̀ ti lè jẹun hàn. O fi hàn mí kí o tó lọ. Láti Aké títí dé Odẹ́dà, ibì kan ṣoṣo ló tọ́ka sí: fèrèsé pálọ̀ mi, níbi tí okùn iná náà gbà jáde. Mo mọ ibẹ̀. Mi ò nílò ẹni tí yóò júwe rẹ̀ fún mi.

Ti olè ni mi ò ní fi ṣe ẹ̀fẹ̀. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Bí o bá mú ọkọ̀ náà lọ sí ìlú tí o ti ń gbé e sí ẹ̀gbẹ́ títì, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ bàbá rẹ, san owó ìsopọ̀ náà. Kí o lè mọ ibi tó wà nígbà tí ẹnì kan bá ń wà á lọ, ohun tó tó sanwó fún ni, èmi ò sì ní bá ọ jiyàn. Ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tó bá wà ní Aké, Bàbá Wàsíù wà lórí bẹ́ǹṣì. Ó mọ ìgbà tí mo jáde, ohun tí mo gbé, àti ìró tí ọkọ̀ náà ṣe, ó sì mọ ìgbà tí mò ń purọ́ nípa ibi tí mo lọ. Ìkíni òwúrọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ lowó rẹ̀. Bí o bá gbàgbé láti kí i, ìsopọ̀ náà á já.

Ó wá ku ọ̀kan. Mo ti ń yí i ká látàárọ̀ bí àlejò tí kò fẹ́ kan ilẹ̀kùn.

Nígbàkigbà tí wọ́n bá mú iná lọ, tí ọkọ̀ sì dẹ́kun jíjẹun, ìsopọ̀ náà á sọ fún fóònù rẹ ní Yólà. Ìwọ náà á pè mí.

"Ẹ káàsán, Màámi. Iná ti lọ ni?"

"Ó ti lọ."

"Ẹ ti jẹun?"

"Mo ti jẹun."

"Kò burú. Iná á dé, Màámi."

Ó tán. Ó kúrú bí àdúrà ẹni tó ń lépa ọkọ̀. Ṣùgbọ́n òun ni mo ní. O rántí bí pálọ̀ yìí ṣe rí nígbà tí bàbá rẹ wà láyé, bí àwọn tó wá kí i ṣe máa ń jókòó dé orí apá àga. Ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé àńjọ̀fẹ́. Àńjọ̀fẹ́ kú, a ò rí ẹnìkan. Àwọn àga náà ṣì wà níbẹ̀, wọ́n kọjú síra wọn. Mo máa ń nu eruku ara wọn bí ẹni pé wọ́n fẹ́ ṣèpàdé.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ràn kí iná lọ nìyẹn. Bí ó bá ti lọ, gbogbo àdúgbò á figbe ta, wọ́n á ṣépè. Èmi á máa wá ibi tí mo gbé fóònù sí. Àfi bí wọ́n ṣe gbé ẹ̀rọ iná tuntun wá fún àdúgbò wa. Iná ò fi bẹ́ẹ̀ lọ mọ́. Aké ń dúpẹ́, wọ́n ń ra fìríìjì. Èmi nìkan ni mo jókòó sínú ìmọ́lẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò pè mí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo nawọ́, mo fa okùn ọkọ̀ yọ lára ògiri. Mo jókòó. Fóònù dún.

"Ẹ káàsán, Màámi. Iná ti lọ ni?"

Fáànù ń yí lórí mi. Mo ní, "Ó ti lọ."

"Bíi pé mò ń gbọ́ fáànù?"

"Ti aládùúgbò ni. Wọ́n tan jẹnẹrétọ̀."

"Ẹ ti jẹun?"

Bí mo bá ní ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo ṣe é, irọ́ kejì nìyẹn. Kódà Bàbá Wàsíù kíyè sí i. "Ìyàwó, o tún ti já oúnjẹ gbà lẹ́nu ọkọ̀." Mo ní, "Ó ti yó, Bàbá." Ó ní, "Ìwọ ńkọ́?" Mo wọlé.

Dúró, jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ bàbá mi díẹ̀. Àgbẹ̀ ni wọ́n ní abúlé kan lẹ́bàá Odẹ́dà, o mọ̀. Wọ́n ń bọ Òrìṣà Oko títí wọ́n fi kú, wọn ò sì bá mi jà nígbà tí mo fẹ́ onímàle. Ohun tí wọ́n bi bàbá rẹ ò ju bóyá ó ń jẹ iṣu. Nígbà tí mo wà ní polí, wọ́n máa ń fi iṣu ránṣẹ́ sí mi nínú àpò nípasẹ̀ dírẹ́bà Odẹ́dà. Dírẹ́bà á ní, "Bàbá rẹ ní ṣé kòkòrò ò wọ iṣu tọ̀sẹ̀ tó kọjá?" Èmi á ní, "Ẹ bá mi sọ fún wọn pé kò wọ̀ ọ́." Màá ká àpò náà, màá dá a padà. O mọ̀ pé nílé wa a kì í dá abọ́ oníabọ́ padà lófìfo. Bó jẹ́ iyọ̀ ṣínún, à á fi sí i. Ṣùgbọ́n mo rò pé àpò kì í ṣe abọ́. Èrò ọmọ polí ni. Ìgbà tí bàbá kú tán ni ìyá mi sọ fún mi pé bí àpò náà bá ti dé, wọ́n á mú un lọ síta, wọ́n á dojú rẹ̀ délẹ̀, wọ́n á gbọ̀n ọ́n wò. Àkànní, iṣu kọ́ ni wọ́n ń bi mí. Iṣu ni wọ́n mọ̀ bí wọ́n ṣe ń béèrè.

Ìmọ̀ràn tó wà níbẹ̀ ò ní nọ́ńbà. Bí ẹnì kan bá ń fi iṣu bá ọ sọ̀rọ̀, má fi iṣu nìkan dá a lóhùn. Ó máa wúlò fún ọ níbi iṣẹ́, ó sì máa wúlò jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí o bá fẹ́ ìyàwó.

Ó yá, jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ọkọ̀. Láìpẹ́ yìí mo fa okùn yọ, mo jókòó, fóònù ò dún. Mo fi í sílẹ̀ títí oòrùn fi wọ̀. Kò dún. Mo tún gbìyànjú rẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn. Ọkọ̀ ni mo febi pa lásán. Mo ní bóyá ara rẹ ò yá. Mo ní bóyá ọ̀rọ̀ iná ti sú ọ. Mo mú fóònù kí n pè ọ́, mo sì rí i pé n kò mọ ohun tí màá sọ pé mo pè fún. Iná wà. Mo ti jẹun. Mo gbé e sílẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni o pè. Ọ̀sán ni. Okùn wà lára ògiri, fáànù ń yí, iná aláwọ̀ ewé tó wà lẹ́nu ọkọ̀ náà ń ṣẹ́jú. Mò ń wò ó láti ojú fèrèsé bó ṣe ń jẹun bí ọmọ tó rí ẹran Iléyá. O ní, "Màámi, iná ti lọ ni? Fóònù mi ló sọ fún mi."

Mo wo ọkọ̀. Mo ní, "Ó ti lọ."

O ní, "Ẹ ti jẹun?"

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, mo wọ inú ọkọ̀. Ọ̀rọ̀ kan wà lójú gíláàsì kékeré tó máa ń kọ̀wé nínú rẹ̀, tí mo máa ń fọwọ́ gbá kúrò ní gbogbo ìgbà, torí mo rò pé ìráhùn rẹ̀ ló tún ń ṣe. Lọ́tẹ̀ yìí mo kà á. Ó ní ìsopọ̀ ti parí. Kò ní ó fẹ́ parí o. Ó ti parí, ó sì ti pẹ́. Láti ọjọ́ náà, ọkọ̀ yìí ò sọ nǹkan kan fún fóònù rẹ mọ́, ì báà jẹ òkúta, ì báà gbààwẹ̀.

Ta ló wá sọ fún ọ pé iná lọ?

Mo jókòó pẹ́ nínú ọkọ̀ náà. Bàbá Wàsíù ní, "Ìyàwó, ó tún ń mí ni?" Mo ní, "Rárá, Bàbá. Èmi ni."

O ti ń pè mí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan bẹ́ẹ̀ látìgbà náà. Nígbà mìíràn iná wà, nígbà mìíràn kò sí. Èmi a máa ní ó ti lọ ní gbogbo ìgbà kí n má baà da iṣẹ́ rẹ rú. Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ o wá bi mí bóyá kí o máa sanwó ohun kan tó ti kú kí o tó bi mí. Mo mọ ohun tí ò ń bi mí. Àwáwí lo fẹ́ rà. Èmi náà ti ń jẹ nínú rẹ̀, nítorí náà ni mo fi jẹ́wọ́ ìpín mi ṣáájú.

Ìdájọ́ mi nìyí. Má san án. Àwáwí tí a ń sanwó fún lọ́dọọdún ti wọ́n jù, ti ọ̀fẹ́ sì wà lọ́wọ́ wa tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ìwọ lo wà nínú ilẹ̀ tó jìnnà, tí o dúró lẹ́bàá kànga, tí ò ń wá ohun tí o máa fi pe ìyá rẹ; n kò mọ̀ pé ibẹ̀ dá ọ lágara tó bẹ́ẹ̀. Mo rò pé èmi nìkan ni mò ń fa okùn.

N kò sọ pé kí o fi iṣẹ́ sílẹ̀ wá. Kànga àwọn ẹlẹ́kànga ṣe pàtàkì. Lẹ́tà yìí ń bọ̀ nínú àpò gàrí tí dírẹ́bà kan yóò bá mi gbé dé ọ̀dọ̀ rẹ. Gàrí náà kan díẹ̀. Bí o bá ń dá àpò padà, o mọ ohun tí mo ti sọ nípa àpò.

Iná wà níbí bí mo ṣe ń kọ ọ́. Ọkọ̀ ń jẹun, mo ti kí Bàbá Wàsíù, mo sì ti jẹun lóòótọ́. Bí o bá kà á tán, pè mí, kí o bi mí bóyá iná ti lọ. Màá ní ó ti lọ. Ṣùgbọ́n má tíì sọ pé iná á dé. Dúró díẹ̀.

Ìyá rẹ.